Ǹjẹ́ Ìṣirò Lè Jẹ́rìí Ohun Tí Ojú Kò Rí?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Onímọ̀, tí Ó fún ọmọ Ádámọ̀ ní làákàyè. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí jíjẹ́ ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹ̀sìn wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀rí. Ẹni tí yóò jẹ́rìí gbọ́dọ̀ jẹ́ olódodo. Ohun tí ó rí tàbí tí ó gbọ́ ni yóò sọ, kì í ṣe ohun tí ó rò. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, ẹlẹ́rìí kan ti dé sí ilé ẹjọ́ àti ilé ìwòsàn tí kò ní ojú, tí kò ní etí, tí kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Ìṣirò ni ẹlẹ́rìí náà. Wọn a gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, wọn a ka àbùdá kòkòrò àrùn tí ó wà nínú rẹ̀, wọn a ṣe ìṣirò lé e lórí, wọn a sì ya ìran kòkòrò náà bí igi: àwọn méjì yìí jẹ́ ọmọ ìyá, èyí jẹ́ ìbátan tí ó jìnnà, ẹ̀ka yìí ti yà kúrò tipẹ́tipẹ́. Ìbéèrè wa ni pé: ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀? Bí ó bá gbà á, ibo ni ó yẹ kí ó gbà á dé?

Ẹlẹ́rìí yìí kì í ṣe àlejò

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí pé ìmọ̀ tí a ń sọ yìí kì í ṣe àjèjì nínú ilé Ìsìláàmù. Ní ìlú Bàgídáádì, ní àsìkò Khálífà al-Ma'mun tí ó jọba láti ọdún 813 sí 833, onímọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Muhammad ọmọ Musa al-Khwarizmi kọ ìwé kan lórí al-jabr. Láti inú orúkọ ìwé yẹn ni àwọn ará Yúróòpù ti mú ọ̀rọ̀ tí àwa náà ń pè ní áljẹ́brà nílé ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé apá tí ó gùn gan-an nínú ìwé náà dá lórí ìhágún àti ogún pínpín. Bí ọkùnrin kan bá kú, tí ó fi ìyàwó sílẹ̀, tí ó fi ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin sílẹ̀, tí ó sì ti ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ará ilé, èló ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? A ó fi ohun tí a mọ̀ wá ohun tí a kò mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí al-jabr wà fún nìyẹn.

Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni áljẹ́brà ti bá ọ̀rọ̀ ìbátan àti ìdájọ́ òdodo rìn. Nǹkan bí 1,200 ọdún ti kọjá, ó sì tún ti padà sí ìdí ìbátan. Nígbà náà, ó ń pín ohun ìní fún àwọn ìbátan tí a mọ̀. Lónìí, ó ń wá àwọn ìbátan tí a kò mọ̀.

Ọ̀ràn Benghazi

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí àlọ́, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn kan tí gbogbo ayé gbọ́. Ní ọdún 1998, ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé al-Fateh ní ìlú Benghazi ní orílẹ̀-èdè Líbíyà, àṣírí tú pé àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá fún ìtọ́jú ti kó kòkòrò HIV. Àwọn ọmọ náà lé ní 400. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní kòkòrò kan tí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní ọdún 1999, ìjọba mú nọ́ọ̀sì márùn-ún tí wọ́n jẹ́ ọmọ Bùlgéríà àti dókítà kan tí ó jẹ́ ọmọ Palẹsítínì. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi abẹ́rẹ́ kó àrùn náà ran àwọn ọmọ. Àwọn kan nínú wọn jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ lẹ́yìn náà pé ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ni ó mú kí àwọn jẹ́wọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2004, ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fagi lé ìdájọ́ náà ní ọdún 2005, ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2006 wọ́n tún dá ẹjọ́ ikú fún wọn.

Ẹ̀rí méjì wà tí ó tako ẹ̀sùn yìí. Ní ọdún 2003, onímọ̀ méjì, Luc Montagnier àti Vittorio Colizzi, ti kọ̀wé pé àìmọ́tótó irinṣẹ́ ìtọ́jú nínú ilé ìwòsàn náà ni ó tan àrùn náà ká. Ilé ẹjọ́ kò tẹ̀lé e. Ní oṣù kejìlá ọdún 2006 yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí ń jẹ́ Nature. Wọ́n ka àbùdá kòkòrò ara àwọn ọmọ náà, wọ́n fi wé ti àwọn kòkòrò ibòmíràn, wọ́n ya igi ìran wọn, wọ́n sì díwọ̀n ọjọ́ orí àwọn ẹ̀ka igi náà. Wọ́n rí i pé kòkòrò náà ti ń ràn nínú ilé ìwòsàn náà àti ní àyíká rẹ̀ kí àwọn àjèjì wọ̀nyí tó dé ní oṣù kẹta ọdún 1998. Ta ni yóò dá ọ̀ràn ní ibi tí kò tí ì dé?

Síbẹ̀, kì í ṣe igi ìran ni ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù keje ọdún 2007, lẹ́yìn àdéhùn láàrin àwọn ìjọba àti owó ìtùnú fún àwọn òbí, ni wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí Bùlgéríà, tí ààrẹ ibẹ̀ sì dárí jì wọ́n. Wọ́n ti lo ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́jọ látìmọ́lé.

Ẹ wo bí ọ̀ràn yìí ti wúwo tó. Ní apá kan, àwọn òbí Mùsùlùmí tí wọ́n gbé ọmọ lọ fún ìwòsàn tí wọ́n sì gbé àrùn bọ̀. Ní apá kejì, ẹ̀mí ènìyàn mẹ́fà. Láàrin wọn, igi kan tí a fi ìṣirò yà. Ẹni tí ó bá ní òun kò gba ìṣirò gbọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí òun fi rọ́pò rẹ̀. Ṣé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n ní inú ìyà ni ó ti jáde ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá ní òun gbà á, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó gbà.

Bí wọ́n ṣe ń mọ igi ìran

Lẹ́tà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ fi ń ka àbùdá: A, C, G àti T. Bí kòkòrò bá ti ń bí sí i, ó ń da ìwé àbùdá rẹ̀ kọ, àṣìkọ sì ń wọ inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé kéwú tí ń wo wàláà ẹlòmíràn kọ tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣi lẹ́tà kọ, àwọn tí ó wo tirẹ̀ kọ yóò jogún àṣìkọ náà. Nítorí náà, bí wàláà méjì bá ní àṣìkọ kan náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ibì kan náà ni wọ́n ti wò ó.

Ṣùgbọ́n "ó ṣeé ṣe" kò tó láti fi dájọ́. Ọmọ méjì tí wọn kò jókòó ti ara wọn rí lè ṣi lẹ́tà kan náà kọ. Iye igi tí a lè yà pàápàá pọ̀ ju bí a ti lérò lọ. Bí a kò bá tí ì wá gbòǹgbò mọ́ ọn, kòkòrò mẹ́rin ní igi mẹ́ta tí ó ṣeé ṣe; kòkòrò márùn-ún ní 15; kòkòrò mẹ́wàá ní 2,027,025. Ibí yìí ni áljẹ́brà ti wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a to ìwé àbùdá kòkòrò mẹ́rin sí abẹ́ ara wọn, kí a pè wọ́n ní Kìíní, Kejì, Kẹta àti Kẹrin. Ní àyè kọ̀ọ̀kan a ó rí lẹ́tà mẹ́rin, ọ̀kan láti ara kòkòrò kọ̀ọ̀kan: bóyá AAGG, bóyá ACCT. Oríṣi 256 ni ó lè wà. A ó ka iye ìgbà tí oríṣi kọ̀ọ̀kan fara hàn, a ó sì kọ iye wọ̀nyí sínú tábìlì kan tí ó ní ìlà 16 àti òpó 16. Lẹ́tà tí Kìíní àti Kejì ní ni yóò sọ ìlà tí a ó kọ ọ́ sí. Lẹ́tà tí Kẹta àti Kẹrin ní ni yóò sọ òpó.

Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé Kìíní àti Kejì wà ní ẹ̀ka kan, tí Kẹta àti Kẹrin wà ní ẹ̀ka kejì, a jẹ́ pé afárá kan ṣoṣo ni ó so ẹ̀ka méjèèjì pọ̀. Ohunkóhun tí ẹ̀ka kan bá fi bá èkejì tan, orí afárá náà ni ó gbà kọjá. Baba ńlá tí ó dúró lórí afárá náà, ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́rin ni ó lè ní ní àyè kọ̀ọ̀kan. Nítorí ìdí èyí, ìlà 16 inú tábìlì wa kò lè dá dúró ní 16. Ìlà mẹ́rin péré ni ìpìlẹ̀. Àpòpọ̀ wọn ni gbogbo ìyókù, bí aláró ti lè fi ìwọ̀nba aró díẹ̀ po oríṣiríṣi àwọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá to tábìlì náà lọ́nà tí kò bá igi mu, bí ẹni pa Kìíní pọ̀ mọ́ Kẹta, ìpìlẹ̀ mẹ́rin kì í sábà tó o mọ́.

Òfin yìí ṣeé kọ bí ìdọ́gba áljẹ́brà: bí igi kan bá jẹ́ òótọ́, àwọn ìṣirò kan gbọ́dọ̀ já sí òdo. Gẹ́gẹ́ bí ìdọ́gba kan ti ń di òbìrìkítí lórí ìwé gíráàfù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdọ́gba igi kọ̀ọ̀kan ń di ìrísí kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò lè rí i. Ìmọ̀ tí ó ń wádìí irú ìrísí bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ométírì áljẹ́brà. Igi kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tirẹ̀. Ohun tí a kà nínú ẹ̀jẹ̀ ni a ó fi mọ èyí tí ó sún mọ́ jùlọ. James Cavender àti Joseph Felsenstein, àti James Lake lọ́tọ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1987. Elizabeth Allman àti John Rhodes wà lára àwọn tí wọ́n mú un jinlẹ̀ sí i, Julia Chifman àti Laura Kubatko sì gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní ọdún 2014 tí ó ń lo irú tábìlì mẹ́rin-mẹ́rin yìí. A gbọ́dọ̀ là á mọ́lẹ̀ pé àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ Benghazi kò gba ojú ọ̀nà yìí gan-an. Wọ́n lo ìṣirò mìíràn tí ó ń díwọ̀n bí igi kọ̀ọ̀kan ti ṣeé ṣe sí. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn dúró lé, àwọn ìdọ́gba yìí sì ni ó jẹ́ kí ìpìlẹ̀ náà hàn kedere.

Àwọn kan nínú wa máa ń sá fún ìmọ̀ yìí nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá ti ń yí padà láti ìran dé ìran. Ohun tí a mọ̀ nípa ìṣẹ̀dá Ànábì Ádámọ̀ (a.s.), ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá, tábìlì onílà 16 kò sì sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n pé kòkòrò àrùn ń yí padà, ojú ayé ni ó ń ṣẹlẹ̀. Òun ni ó ń mú kí oògùn kan ṣiṣẹ́ fún aláìsàn lónìí, kí ó má sì ṣiṣẹ́ fún un mọ́ lọ́la.

Ẹ̀wù Ànábì Yúsúfù àti ìyẹ̀fun ojú ọ̀nà

Kí ni ẹ̀sìn wa sọ nípa ẹ̀rí àmì? Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ànábì Yúsúfù (a.s.) nínú Al-Kùránì Alápọ̀nlé. Kò sí ẹni kẹta nínú yàrá nígbà tí obìnrin náà fi ẹ̀sùn kàn án. Ẹni tí ó jẹ́rìí, ará ilé obìnrin náà ni, kò sì rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀wù ni ó ní kí wọ́n wò. Bí ó bá ya níwájú, obìnrin náà ni ó jàre. Bí ó bá ya lẹ́yìn, Yúsúfù ni ó jàre. Ẹ kíyè sí i pé ẹlẹ́rìí náà ti gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó wo ẹ̀wù, kò sì tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀. Bí àwọn ìdọ́gba wa ti rí náà nìyẹn: bí igi bá rí báyìí, òǹkà gbọ́dọ̀ rí báyìí, ó yá, ẹ lọ kà á.

Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, a kà nípa Mujazziz al-Mudliji, ọkùnrin kan tí ó mọ ìbátan láti ara àmì ara. Àwọn ènìyàn ń ṣiyèméjì nípa Usama ọmọ Zayd nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ kò jọra. Àwọn méjèèjì fi aṣọ bo orí, ẹsẹ̀ wọn nìkan ni ó hàn. Mujazziz wo ẹsẹ̀ náà, ó sì sọ pé wọ́n bá ara wọn tan. Inú Ànábì (s.a.w.) dùn, ó sì wọlé tọ Áíṣà (r.a.) pẹ̀lú ayọ̀. Lórí èyí ni Ìmáàmù Mọ́líkì, Ìmáàmù Ṣáfíì àti Ìmáàmù Ahmad fi gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìran, olúkúlùkù pẹ̀lú àlàyé tirẹ̀. Ìmáàmù Abu Hanifa kò gbà á.

Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn onítumọ̀ Al-Kùránì tún ròyìn ọ̀ràn mìíràn lábẹ́ Suratu Nisáì. Wọ́n jí ẹ̀wù ogun kan ní Mẹdínà, ìyẹ̀fun inú àpò tí ó wà ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n tẹ̀lé ìyẹ̀fun náà dé ilé Júù kan, wọ́n sì bá ẹ̀wù ogun náà níbẹ̀. Olè gan-an, ẹni tí ó ń pe ara rẹ̀ ní Mùsùlùmí, ni ó gbé e pamọ́ síbẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ń gbèjà rẹ̀. Ìfihàn sọ̀ kalẹ̀ láti dá Júù náà láre. Ìyẹ̀fun náà kò purọ́. Ọ̀nà tí ẹ̀wù ogun gbà ni ó fi hàn. Àwọn ènìyàn ni wọ́n mú un sọ ohun tí kò sọ, wọ́n ní ibi tí ẹrù wà ni olè wà.

Ibi tí ẹ̀rí yìí mọ

Ohun tí a rí kọ́ ni pé àmì máa ń dá ènìyàn sílẹ̀ ju bí ó ti lè dè é lọ. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn wa gbé e kalẹ̀ pé níbi tí iyèméjì bá wà, a kì í fi ìyà haddi jẹ ènìyàn. Ìṣirò pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Ìdọ́gba tí ó jìnnà sí òdo lè lé igi kan jáde; ìdọ́gba tí ó sún mọ́ òdo, ohun tí ó sọ kò ju pé igi náà ṣì lè dúró. Igi Benghazi lè sọ pé kòkòrò ti wà níbẹ̀ kí àwọn àjèjì tó dé. Kò lè sọ ọwọ́ ẹni tí ó di abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan mú, kò sì lè wo inú ọkàn ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá wà láàrin ẹni méjì tí a kò gba ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, igi kò ní dárúkọ rẹ̀.

Ewu mìíràn tún wà. Ní ọdún 1978, Felsenstein fi hàn pé ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé, èyí tí ń yan igi tí àṣìkọ rẹ̀ kéré jù, lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Bí ẹ̀ka méjì bá ń yí padà kíákíá, wọn yóò ṣèèṣì jọra, ọ̀nà náà yóò sì so wọ́n pọ̀ bí ọmọ ìyá. Ẹ rántí àwọn ọmọ ilé kéwú: ọmọ méjì tí wọ́n ń ṣi kọ púpọ̀ yóò pàdé nínú àṣìkọ, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ara wọn. Èyí tí ó yani lẹ́nu ni pé bí òǹkà ti ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe náà ń dá ara rẹ̀ lójú sí i. Ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́rìí tí ihò kọ́kọ́rọ́ kan náà ni wọ́n gbà yọjú, ẹ̀rí kan ni wọ́n jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Irú HIV tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ Benghazi wà nínú ìdílé tí ó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù lè ka igi kan náà tí ó dá àwọn nọ́ọ̀sì láre, kí ó sì yíjú sí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣe lébìrà ní Líbíyà. Igi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìran kòkòrò ni ó sọ, kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn. Ìyẹ̀fun ojú ọ̀nà nìyẹn.

Ní ilé wa níhìn-ín pàápàá, aya ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà tí ó bá lóyún. Bí wọ́n bá rí kòkòrò náà, ẹbí ọkọ a ní òun ni ó gbé e wọlé. Ta ni ó jẹ́rìí sí i? Ẹni tí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ní igi, tí wọ́n ní ìdọ́gba, ń ṣọ́ra kí wọ́n tó sọ pé lágbájá ni ó kó o ran làmẹ̀dò. Àwa tí a kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ìfura lọ ń fi ẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin olóòótọ́. Ẹ̀sìn wa ka irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ó sì ní ìyà tí ó tọ́ sí ẹni tí kò lè mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá.

Nítorí náà, ìdáhùn wa ni pé ìṣirò lè jẹ́rìí, ṣùgbọ́n kí a gba ẹ̀rí rẹ̀ bí a ti ń gba ti olóòótọ́ ènìyàn: kí a bi í ní ohun tí ó mọ̀ nìkan. Kí a gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ kí a tó wo èsì. Kí a yára lò ó láti gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn mìíràn. Kí a lọ́ra láti lò ó láti pa ènìyàn run. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì, ẹ má ṣe jẹ́ kí áljẹ́brà di ti àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ́ ọ débi tí ẹ ó fi lè sọ ibi tí ó mọ. Aláìmọ̀kan lè pa ènìyàn pẹ̀lú ẹ̀rí tí ó jẹ́ òtítọ́.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó di ẹnu, tí ọwọ́ yóò sọ̀rọ̀, tí ẹsẹ̀ yóò sì jẹ́rìí. Lọ́jọ́ náà a kò ní nílò igi tàbí ìdọ́gba, nítorí Ẹni tí yóò dájọ́ rí ohun gbogbo. Títí di ọjọ́ náà, àwa tí a kò rí ni a ó máa dájọ́ láàrin ara wa. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí Ó ṣọ́ ahọ́n wa níbi ẹ̀rí èké, kí Ó sì fún gbogbo ẹni tí a fi ẹ̀sùn èké kàn ní ìtúsílẹ̀. Àmín.